Báwo ni mo ṣe máa yan poinsettia tí ewé rẹ̀ kò ní já tán kí Kérésì tó dé?

Abẹ̀kẹ́ Leeds

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti yàn mí pé kí n ra òdòdó pupa inú ìkòkò, mẹ́fà, tí a máa tò síwájú pẹpẹ. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní poinsettia ni wọ́n fẹ́. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, ẹ sì mọ àwọn ìyá wa: bí ewé kan péré bá já sílẹ̀ lójú wọn, wọ́n á ní mo fi owó Ọlọ́run ra pàǹtí. Ìsìn Kérésì la máa kọ́kọ́ lò ó fún, a ó tún lò ó fún àìsùn ọdún tuntun, torí náà pípọ́n ọjọ́ kan kò tó o.

Ibi mẹ́ta ni mo ti rí i. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí ilé mi kó tiwọn sí ẹnu ọ̀nà, inú náílọ̀n ni gbogbo rẹ̀ wà, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Ibi kejì ni ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń ta irúgbìn àti òdòdó, ẹ̀yìn ìlú ló wà, bọ́ọ̀sì méjì ni màá wọ̀ débẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bàbá kan tó ń pàtẹ sí gbangba lójú ọjà. Tiẹ̀ ló tóbi jù, ó sì lè dín owó kù fún mi.

Mi ò ní mọ́tò. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í sì í tan ẹ̀rọ amúlégbóná àfi lọ́jọ́ ìsìn. Kí ni kí n máa wò lára òdòdó yìí kí n tó sanwó? Ìgbà wo ló yẹ kí n rà á?

Ṣèyí Kò Le

Ẹ ra ti ike. Ẹ máa nu eruku ara rẹ̀ lọ́dọọdún, ó di ọdún mẹ́wàá. Ta ló fẹ́ lọ fi imú gbóòórùn ohun tó wà nídìí pẹpẹ?

Ìyá Aládòdó, Spalding

Ẹ má dá Ṣèyí lóhùn jàre.

Abẹ̀kẹ́, inú ilé gíláàsì tí wọ́n ti ń gbin nǹkan yìí ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Lincolnshire níbí kí n tó bọ́ sí ìdí títà á, torí náà jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti oṣù keje sí ìkẹjọ la ti máa ń gbìn ín sí ìkòkò. Àwọn ẹ̀ka wínníwínní tí a ń gbìn náà, ọkọ̀ òfuurufú ló ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá sí Yúróòpù láti Uganda, Kenya àti Ethiopia. Mẹ́síkò ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n ti gé e kó tó wá máa bá wa jẹ òtútù níbí. Bóo ṣe ń wò ó nì yẹn, ó ti rìn jìnnà kó tó dé orí igbá.

Ohun tó yẹ kí ojú rẹ kọ́kọ́ lọ bá kì í ṣe pupa yẹn. Ewé ni pupa yẹn. Òdòdó gan-an ni àwọn nǹkan róbótó kéékèèké tó ṣù jọ sí àárín, tí àwọ̀ wọn dà bí ewé tútù tó fẹ́ máa di yẹ́lò. Tẹrí ba kóo wò wọ́n dáadáa. Bí wọ́n bá ṣì pa ẹnu mọ́, ọjà tuntun ni. Bí wọ́n bá ti là, tí ìyẹ̀fun yẹ́lò ti ń kù sórí ewé pupa tó yí wọn ká, ó ti ń lọ sílé. Bí àárín bá wá ṣófo pátápátá torí pé wọ́n ti já dànù, arúgbó ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ, ewé pupa kò ní pẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó ń tà á lè wọ́n omi sí i kó máa dán, kò sí ohun tó lè fi àárín yẹn ṣe.

Ìdí rẹ̀ ló kàn. Ewé tútù tó dúdú dáadáa gbọ́dọ̀ wà lára igi náà láti òkè títí kan etí ìkòkò. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá ti wà níhòòhò, tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń di yẹ́lò, ó ti jìyà níbì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Gbé ìkòkò náà sókè kóo mọ̀ bó ṣe wúwo tó: bó bá fúyẹ́ fẹ́rẹ́, òǹgbẹ ti ń gbẹ ẹ́ ọjọ́ ti pẹ́, bí omi bá ń ro sí ọ lọ́wọ́, wọ́n ti rì í. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni èyí tí ewé rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀tọ̀ nígbà tí erùpẹ̀ inú ìkòkò rẹ̀ tutù rinrin. Gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà. Omi wà níbẹ̀, kò lè mu ún. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé tóo bá délé á dìde, kì í dìde. Bóo bá fẹ́ dájú, rọra fa gbogbo rẹ̀ yọ kúrò nínú ike kóo wo gbòǹgbò. Funfun ló yẹ kó rí, kì í ṣe búráùn. Èmi máa ń fà á yọ, kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù máa wò mí.

Ó wá ku ibi mẹ́ta tóo dárúkọ. Ti bàbá ojú ọjà yẹn, fi í sílẹ̀, kódà bó bá fẹ́ fi ta ọ́ lọ́rẹ. Igi ilẹ̀ olóoru ni poinsettia. Bí òtútù bá ti wálẹ̀ ju 10°C lọ, ó ti ń pa á lára, ìyà yẹn kì í kàn hàn lójú ẹsẹ̀ ni. Á bá ọ délé, á dúró ṣinṣin fún ọjọ́ díẹ̀, kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá wá máa wò ó pé kí lo ṣe fún un. Oṣù Kejìlá ní Leeds, àbí níbo lo ti fẹ́ rí ooru níta?

Ti súpámákẹ́ẹ̀tì ní wàhálà tiẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí tó ń pa ní gbogbo ìgbà, afẹ́fẹ́ tútù ni yóò máa fẹ́ lù ú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Náílọ̀n tóo rí yẹn, torí ìrìn àjò inú ọkọ̀ ni wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ fún un, ó sì yẹ kí wọ́n bọ́ ọ kúrò ní kété tó bá ti dé. Bó bá pẹ́ nínú rẹ̀, gáàsì kan tó ń jáde lára òun fúnra rẹ̀, ethylene, á há mọ́ ọn, ọrùn ewé á sì máa tẹ̀ wálẹ̀. Gáàsì yìí náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n fi ń mú kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pọ́n. Ẹ wá wo ibi tí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì máa ń to òdòdó sí: ẹ̀gbẹ́ èso! Bóo bá bá a níbi tó ti ń fẹ́nu ko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, kọjá lọ.

Mi ò ní kóo má rà níbẹ̀ o. Lọ bi ọmọ tó ń tọ́jú òdòdó wọn pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ máa ń já ọjà fún wọn, kóo lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kóo mú u látorí kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n fi kó o wọlé kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ní kí wọ́n bọ́ náílọ̀n rẹ̀ kóo wò ó. Nígbà mìíràn, ilé gíláàsì kan náà ló ń gbìn ín fún wọn àti fún ọgbà ńlá tó ń tà á ní ìlọ́po méjì owó. Kì í ṣe owó pọ́ọ́kú ló ń pa òdòdó súpámákẹ́ẹ̀tì, àìtọ́jú lẹ́yìn tó bá dé ni.

Ọmọ Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Mọ́mì ti sọ ọ́ dáadáa. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ yí ewé náà padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ gbọn orí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí kòkòrò funfun wínníwínní bá gbéra fò, tí wọ́n sì tún padà bà lé e, ẹ gbé ìkòkò náà kalẹ̀, ẹ má sì mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ó rí ẹyin àti ọmọ wọn tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé, wọ́n á rí ródóródó, kò ní mì. Ojú mi mọ kòkòrò yìí láti oko bàbá mi. Bemisia tabaci ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun ló ń gbé àrùn mòsáíkì kiri oko ẹ̀gẹ́ nílé, tí ewé ẹ̀gẹ́ á lọ́, tí á di alábàwọ́n yẹ́lò, tí ohun tí a máa wà nílẹ̀ á wá kéré bí ìka. Ní Britain níbí, wọn kò fojú kékeré wò ó rárá. Àgbẹ̀ tó bá rí i lára ọ̀gbìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí.

Kò yà mí lẹ́nu pé ó fẹ́ràn poinsettia. Ẹbí kan náà ni òun àti ẹ̀gẹ́. Ẹ já ewé rẹ̀ kan, ẹ ó rí oje funfun tó máa yọ.

Ká tiẹ̀ sọ tòótọ́, èmi ò ní ra poinsettia mẹ́fà fún ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní ooru. Mẹ́ta ni màá rà, màá fi kalanchoe mẹ́ta tì í. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó dá a mọ̀, torí àbúrò ọdúndún ni. Ọdúndún tiwa gan-an, Kalanchoe crenata ni, àbámodá náà sì wà nínú ẹbí yẹn. Ti Madagascar ni èyí tí wọ́n ń tà níbí. Ó máa ń yọ òdòdó pupa, yẹ́lò, funfun, ewé rẹ̀ nípọn, omi wà nínú rẹ̀, ẹ lè gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó má bínú. Ẹ mú èyí tó jẹ́ pé ìrudi ló pọ̀ jù lórí rẹ̀, tí díẹ̀ ti là kí ẹ lè mọ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ ìdí igi rẹ̀. Bó bá rọ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, ẹ sá fún un.

Ìyá Aládòdó, Spalding

Ọdúndún lórí pẹpẹ! Ọmọ Àgbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí pásítọ̀ wọn gbọ́ o, wọ́n á ní ẹ fẹ́ fi ṣètùtù.

Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ, ó lágídí ju poinsettia lọ. Gáàsì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo sọ yẹn náà máa ń da kalanchoe láàmú o, òdòdó rẹ̀ á kàn pa dé, kò sì ní là mọ́. Torí náà, ìbéèrè kan náà ni fún méjèèjì: ibo ni wọ́n gbé e sí?

Abẹ̀kẹ́ Leeds

Ẹ ṣé gan-an mà. Ẹ ṣé sà. Mo ti gba ibi iṣẹ́ dé súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn lónìí, mo tẹrí ba wo àárín wọn bí ẹ ṣe wí. Ìyẹ̀fun yẹ́lò ti bo mẹ́rin nínú márùn-ún tí mo wò. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ń wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjà tuntun ń dé.

Ẹ dákun, ó ku díẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa gbé e nínú bọ́ọ̀sì? Ibo ni kó máa wà kó tó di ọjọ́ ìsìn? Mo ní ọmọ ọdún méjì nílé, ẹnì kan sì ti sọ fún mi pé májèlé ni.

Ìyá Aládòdó, Spalding

Ọ̀rọ̀ májèlé yẹn, àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀. Oje funfun yẹn lè mú ara yún ni, bí ọmọ bá sì jẹ ẹ́, inú lè máa run ún tàbí kó bì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń pa ènìyàn bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba rọ́bà ìbọ̀wọ́ ni kó ṣọ́ra jù. Gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, ó parí. Bí ajá tàbí ológbò bá wà nílé, kalanchoe ni kóo gbé jìnnà sí wọn, torí ti ìyẹn lè kan ọkàn wọn.

Ní ti bọ́ọ̀sì: náílọ̀n tí mo ní kí wọ́n bọ́, ọjọ́ yìí gan-an ló wúlò. Kí wọ́n fi bébà wé e tàbí kí wọ́n dá náílọ̀n padà sí i lára, kó bo orí rẹ̀ kọjá, kóo sì ká ẹnu rẹ̀. Mú àpò ńlá tó le ní ìdí dání. Má ṣe tún yà sí ibòmíràn ra ẹja, ilé tààrà ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú atẹ́gùn ibùdókọ̀ tó láti ba gbogbo iṣẹ́ tóo ti ṣe jẹ́. Bóo bá ti wọlé, bọ́ náílọ̀n náà kíá.

Ilé rẹ ni kó wà títí di àárọ̀ ọjọ́ ìsìn, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí ooru rẹ̀ ò ju ti yàrá tí ènìyàn ń gbé lọ. Má gbé e sórí ẹ̀rọ amúlégbóná, má sì jẹ́ kí ewé rẹ̀ kan gíláàsì fèrèsé lóru. Fi ìka kan orí erùpẹ̀: bó bá gbẹ, bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, jẹ́ kó ro tán kóo tó dá a padà sínú abọ́ rẹ̀. Bébà dídán aláràbarà tí wọ́n máa ń fi wé ìkòkò rẹ̀ nìkan ló yẹ kóo tètè wá nǹkan ṣe sí. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n omi á kó jọ sí ìdí rẹ̀, gbòǹgbò á wà nínú ẹrẹ̀. Lu ihò sí ìdí bébà náà tàbí kóo máa tú u nígbà tóo bá fẹ́ bomi rin ín.

Lẹ́yìn ìsìn Kérésì, kó o padà sílé. Mo mọ̀ pé wàhálà ni. Pín in fún àwọn tó ní mọ́tò nínú ẹgbẹ́ yín, ẹnì kan ìkòkò kan, kí wọ́n dá a padà lálẹ́ àìsùn. Bóo bá fi í sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tútù yẹn, igi lásán lẹ máa bá níbẹ̀.

Ọjọ́ tóo máa rà á: Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Kérésì tí ọmọ yẹn sọ dára. Má dúró di ọjọ́ kẹrìnlélógún, àṣàkù ni gbogbo ohun tó máa wà nílẹ̀ nígbà yẹn.

Dáúdù Bódìjà

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ mà ń náwó o. Ní Ìbàdàn níbí, ó wà nínú ọgbà wa, ó ti ga ju odi lọ. Kò sẹ́ni tó ń fi bébà wé e. Bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀, á pọ́n fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ gbìn ín sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún, ẹ má ra òmíràn mọ́.

Ìyá Aládòdó, Spalding

Dáúdù, ẹ kú ìgbádùn. Bí a bá gbìn ín sílẹ̀ níbí, òtútù á ti pa á kí oṣù kìíní tó parí.

Èèyàn lè tọ́jú rẹ̀ nínú ilé di ọdún tó ń bọ̀, àmọ́ pípọ́n rẹ̀ ló máa ń ṣòro. Òru ló ń ka. Òru tó bá gùn ju nǹkan bíi wákàtí 12 lọ ló ń sọ fún un pé àsìkò ti tó, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe é fúnra rẹ̀ ní ọgbà yín nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Nínú ilé tiwa, iná pálọ̀ ń tàn di òru ọ̀gànjọ́, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó pọ́n. Àwọn tó fẹ́ kó pọ́n nílé máa ń fún un ní òkùnkùn wákàtí 14 lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá láti ìparí oṣù kẹsàn-án. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń gbé e sí ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún gbé e jáde láàárọ̀. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ṣe é rí. Màá ra tuntun.

Abẹ̀kẹ́ Leeds

Ọjọ́bọ̀ la wà lónìí, mo dé ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń já a. Mo gbọn orí wọn, mo yí ewé wọn padà, mo rí mẹ́rin tó pé, àárín wọn pa ẹnu mọ́. Mo fi kalanchoe pupa méjì tì í, owó tún ṣẹ́ kù. Ọmọ tó ń tà á gan-an ló bá mi wé e.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé Mọ́mì Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò poinsettia aláwọ̀ búlúù kan ránṣẹ́ sí mi, ó ń dán yanranyanran. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni kí n wá. Ṣé ó wà lóòótọ́?

Ìyá Aládòdó, Spalding

Ó wà lórí igbá, kò sí lára igi. Pupa, pínkì, funfun tó fẹ́ jọ mílíìkì, àti alábàwọ́n ni ó máa ń yọ. Ti funfun ni wọ́n fín ọ̀dà búlúù sí lára, tí wọ́n wá da nǹkan dídán lé e kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Ọ̀dà yẹn kò ní jẹ́ kóo rí bí ewé ṣe rí lábẹ́ rẹ̀, o ò sì ní mọ ìgbà tó bá ti ń rọ. Rọra sọ fún Mọ́mì Alága pé pupa lo ti rà. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, ra ẹyọ kan pẹ̀lú owó tó ṣẹ́ kù, kóo gbé e sí ẹ̀yìn dùùrù.